Sí Àbẹ̀ní, Kí Ó Tó Pa Ìwé Ìlú Mẹ́ta Pọ̀

Idigny
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn òjò àárọ̀

Àbẹ̀ní ọmọ mi, ẹni tí mo bẹ Ọlọ́run pẹ́ kí n tó rí gbà,

Kí àlàáfíà tó wà nílé yìí bá ọ níbẹ̀ ní Kùtọnu. Ara bàbá rẹ ti yá. Orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ó sì ti tún ń lọ wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní àràárọ̀ bí ẹni pé ẹ̀gẹ́ náà fẹ́ sá lọ. Àgbàdo wa ti ga dé ìbàdí mi. Kò sí ìròyìn búburú nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí náà jókòó, kí o fara balẹ̀ kà á.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé mo kọ lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ Músílíù á bá mi ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù rẹ. Ìwé gan-an á wá bá ọ nígbà tí ẹnì kan bá ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí pé Faransé mi dára fún bírò, níbi iṣẹ́ ìjọba, kò dára fún ọmọ mi.

Nígbà tí o pè lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo bi ọ́ pé, "Iṣẹ́ wo gan-an lo ń ṣe níbi tuntun yìí?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ìyá, kò lè yé yín."

Mo ní, "Gbìyànjú rẹ̀ wò."

O wá ṣàlàyé. O ní ilé iṣẹ́ yín ń ra kajú àti àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka ní Parákú, ní Bọ̀hícọ̀n àti níbí ní Kétu. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń kọ orúkọ àgbẹ̀, ìwọ̀n ẹrù àti ọjọ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́nà tirẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti kó àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ẹ̀yin ń pè ní dátà, lọ sójú kan, nínú abà ńlá kan tí ẹ yá lọ́dọ̀ àwọn ará òkèèrè, tí ẹ ń pè ní kílàúdù. Ẹni tó bá jókòó ní Kùtọnu á lè rí ohun tó wọlé ní Parákú ní ọjọ́ náà gan-an. Láti inú abà yẹn náà lẹ ó ti máa kó èyí tó yẹ jáde fún àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ yín.

Mo ní, "Ó yé mi." O ò gbà mí gbọ́, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ.

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ wálẹ̀. O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ kí o da gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí o sì pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́ kí wọ́n má baà máa dàrú mọ́ tuntun. O ní o fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kò sí àyè. O bi mí pé, "Kí ni kí n ṣe, Ìyá?" Mo ní màá pè ọ́ padà. Mi ò pè, torí pé ìdáhùn náà gùn ju orí tẹlifóònù lọ, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí mi ò sọ fún ọ rí láti ìgbà tí mo ti bí ọ.

Iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe yẹn, mo ti ṣe é rí. Mo bà á jẹ́.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwé ní Kétu, kí àwọn àbúrò mi náà lè ráyè kàwé. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Idigny, ti Kpankou àti ti Odomẹ́ta pinnu láti di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Irúgbìn àgbàdo tuntun kan ń bọ̀, irú èyí tó máa ń tètè gbó, wọ́n sì fẹ́ pín in kí òjò àkọ́kọ́ tó tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé káyè tirẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sí àti ìwọ̀n irúgbìn tí kálukú fẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kó káyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé ńlá kan. Èmi ni wọ́n yàn, torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún mi. Mo parí rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta.

Bàbá kan wà tó ń tọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́, Bàbá Súlè là ń pè é. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ilé kan láti ibí dé Odomẹ́ta tí kò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n bá ọ jókòó, kí o máa ka orúkọ wọn sí mi létí?"

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé."

Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ti wá, Àbẹ̀ní. Má ṣe kó ohun tí ẹlòmíràn kọ láìbi ẹni náà léèrè. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè, mo sì ṣìnà jìnnà. Akọ̀wé Kpankou kọ orúkọ baálé ilé, ó wá to àwọn aya rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ti Idigny kọ kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Odomẹ́ta kọ orúkọ tí àdúgbò ń pe èèyàn: Bàbá Kámórù, Ìyá Ẹlẹ́pà, Ọkọ Sábítìyù. Nígbà tó kan ìwọ̀n, abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń wọn àgbàdo lọ́jà ni Idigny fi kà á. Kílò ni Odomẹ́ta fi kà á. Abọ́ yẹn ju kílò kan lọ dáadáa. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan náà, mẹ́wàá lábẹ́ mẹ́wàá, ó gún régé. Ìwé náà lẹ́wà. Bí o bá rí i, wàá fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà tí mo fi rúlà fà nìkan ló tọ́ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, pe ẹni tó ń kọ ìwé ní Parákú. Pe ti Bọ̀hícọ̀n. Ti Kétu, mo lè fẹsẹ̀ rìn lọ bá a fún ọ bí o bá fẹ́. Bi wọ́n pé, kí ni ẹ ń pè ní àpò kan? Ṣé àpò bó ṣe wọlé ni, àbí lẹ́yìn tí ẹ ti ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò? Ọjọ́ tó wà níbí, ṣé ọjọ́ tí àgbẹ̀ gbé ẹrù wá ni, àbí ọjọ́ tí ẹ ráyè kọ ọ́? Ibi tí ẹ fi sílẹ̀ lófìfo, ṣé kò sí nǹkan níbẹ̀ ni, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Wọ́n lè rò pé o ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣe sùúrù, kí o tún bi wọ́n.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Èyí ni mi ò sọ fún ọ rí.

Nínú káyè Idigny, mo rí obìnrin kan tí wọ́n kọ báyìí: Adeshina Rafatu. Nínú ti Kpankou, mo rí òmíràn lábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀: Adéchina Rafatou. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ẹnì kan náà ni. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ó lọ sílé ọkọ ní Kpankou, wọ́n wá gbàgbé orúkọ rẹ̀ síbí. Mo mú rúlà, mo fa ìlà pa ti Idigny rẹ́. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ro pé mo gbọ́n.

Èèyàn méjì ni wọ́n. Ti Idigny lo ìgbà ọmọdé rẹ̀ ní Nàìjíríà, olùkọ́ ibẹ̀ ló kọ́ ọ bó ṣe máa kọ orúkọ rẹ̀. Ti Kpankou, ilé ìwé Faransé ló lọ. Ràfátù Adéṣínà ni àwọn méjèèjì lẹ́nu ìyá wọn.

Lọ́jọ́ ìpínrúgbìn, Ràfátù ti Idigny wá. Ó ká àpò òfìfo lé orí, ó tò sórí ìlà láti àárọ̀. Nígbà tó kàn án, mo wo ìwé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Orúkọ yín ò sí níbí."

Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe kọ ọ́."

Mo ní, "Ìyá, ìwé kì í parọ́."

Níṣojú gbogbo èèyàn ni mo ti sọ ọ́. Kò bá mi jà. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi ìyeyè, ó ń wò wá títí a fi pín èyí tó kẹ́yìn. Ó wá dìde, ó ká àpò rẹ̀, ó lọ.

Bàbá Súlè ń gbá ilẹ̀ yàrá ìkẹ́rùsí. Ó bi mí láìgbé orí sókè pé, "Ṣé o mọ ìyá yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa. Ìwé rẹ náà ò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n jẹun. Mo ní kí n kúkú padà wo káyè Idigny, kí n rí i pé èmi ni mo jàre. Ibẹ̀ ni àṣìṣe kẹta ti dúró dè mí. Mo ti kó káyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù. Mo ti parí ìwé ńlá, kí ni mo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe? Obìnrin kan tó ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà ní òun ń wá bébà, mo bá kó wọn fún un.

Mo sáré lọ. Ó ti fi ti Kpankou àti ti Odomẹ́ta wé àkàrà tán. Ti Idigny ku ìdajì. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo ń ṣí ewé ìwé tí epo ti rin. Ojú ìwé tí mo ń wá wà níbẹ̀. Akọ̀wé ti kọ ọ́ ṣánṣán: Adeshina Rafatu, opó, ọmọ méjì, oko rẹ̀ ń bẹ lójú ọ̀nà odò. Mo ti ka ìlà yẹn tẹ́lẹ̀. Orúkọ nìkan ni mo rí.

Mo fẹ́ dákẹ́. Màá sọ òótọ́ fún ọ, mo fẹ́ dákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ àfi èmi, obìnrin náà kò sì ní alágbàwí. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo oko tí mò ń kọjá lára wọn ni wọ́n ti ń gbìn. Mo lọ bá Bàbá Súlè, mo sọ fún un. Kò bá mi wí. Ó ní, "Gorí alùpùpù," ó gbé mi gba ojú ọ̀nà igbó lọ sí abúlé obìnrin náà.

A bá Ràfátù lóko. Ó ti kọ ebè sílẹ̀, ebè náà tò gún, ó mọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn, mo ní èmi ni mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kò sí ẹlòmíràn tó ṣe é.

Ó ní, "Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ pín oko rẹ̀, wọn ò dárúkọ mi. Mo wá ilẹ̀ tèmi lọ. Nígbà tí o sọ pé orúkọ mi ò sí, mi ò bá ọ jà, torí pé ó ti ṣe mí rí. Mo kàn rò pé ti ẹgbẹ́ á yàtọ̀ ni."

Ó wá ní, "Dìde. Omi wà nínú kèrègbè."

Irúgbìn ti tán ní yàrá ìkẹ́rùsí. Bàbá Súlè ló rántí pé àpò mẹ́ta ló gba ọwọ́ òun lọ sílé Bàbá Kámórù, ó sì ti ya òun lẹ́nu lọ́jọ́ náà. A lọ sí Odomẹ́ta. Ọkùnrin yẹn ní oko níbi mẹ́ta, ó sì forúkọ sílẹ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Bàbá Kámórù ní Odomẹ́ta, Ganíyù Adégún ní Idigny, G. Adégoun ní Kpankou. Ẹni tí mo rí bí ẹnì kan, èèyàn méjì ni. Ẹni tí mo rí bí èèyàn mẹ́ta, ọkùnrin kan ni, ó jókòó ń họ ẹ̀pà.

A bi í léèrè. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo rò pé ẹgbẹ́ tuntun yìí ló fẹ́ràn mi." Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí òkè àjà. "Mo ti gbin ọ̀kan. Ẹ gbé méjì tó kù."

Ràfátù gbin tirẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Èmi àti bàbá rẹ, tí kò tíì di ọkọ mi nígbà náà, la bá a gbìn ín. Àgbàdo náà kò ga tó ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó yọmọ, ó kórè rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn èyí, nígbà tí mo bí ọ, tí ara mi ò le fún oṣù méjì, ta ló ń pọ̀n ọ́ láti àárọ̀ títí bàbá rẹ fi ń ti oko dé? Ìyá Ràfá tí o ń pè ní ìyá àgbà rẹ ni. O ti bi mí rí pé báwo la ṣe jẹ́ ẹbí, mo ní ọ̀rọ̀ náà gùn. Bó ṣe gùn tó nìyí.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, mo dìde, mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ abọ́ àti kílò tún jáde níbẹ̀, torí pé àwọn ará Idigny ti ń kùn pé irúgbìn wọn kéré. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Alága ní kí n tún ìwé náà kọ látìbẹ̀rẹ̀, ó ní lọ́tẹ̀ yìí kí n mú Bàbá Súlè dání.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Odomẹ́ta nìkan, torí pé òun ló kéré jù. Mo kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ bàbá onítọ̀hún, mo kọ ibi tí oko rẹ̀ wà. Orúkọ kan ṣoṣo kò tó láti dá èèyàn mọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó, mo ka gbogbo rẹ̀ sókè. Ẹnì kan á ní, "Ìyẹn ti kú." Òmíràn á ní, "Èmi lo kà lẹ́ẹ̀mejì yẹn." Bàbá Súlè ń ju ẹyọ àgbàdo kan sínú abọ́ fún orúkọ kọ̀ọ̀kan tí mo bá pè. Nígbà tí a parí, ó ka ẹyọ àgbàdo, èmi ka ìlà ìwé mi. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, a ò dìde. Ìgbà tí Odomẹ́ta gún tán la tó kọjá sí Kpankou. Ó gbà wá ní oṣù kan ààbọ̀. Káyè tuntun tí a fi ṣe é, mo fi ọ̀rá wé wọn, wọ́n wà nínú àpótí ẹgbẹ́ fún ọdún mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí a kó wọn kúrò.

O rí ohun tí mò ń bá bọ̀. Má ṣe pa fáìlì àtijọ́ rẹ́, bí ọ̀gá bá tilẹ̀ ní ó ń gba àyè. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, fi í pamọ́ síbi tí ìwọ fúnra rẹ kò lè ṣèèṣì fọwọ́ kàn án. Kó ìlú kan kí o tó kó mẹ́ta. Ka ohun tó kúrò níbẹ̀, ka ohun tó dé ibí. Bí orúkọ méjì bá jọra, má dá ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ nínú ọ́fíìsì. Ẹnì kan wà lóko tó mọ̀ ọ́n. Kí o sì ṣọ́ àmì orí orúkọ. O sọ fún mi nígbà kan pé kọ̀ǹpútà mìíràn máa ń yọ àmì wa kúrò bí ọ̀rọ̀ bá ti ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Ẹ̀rọ lè rò pé ohun kékeré ni. Ràfátù ò ní rò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkó jáde ni mo fẹ́ sọ kàn. Èyí kò ní ìparí dáadáa, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Lọ́dún kejì, wọ́n ní kí n fi orúkọ àti ìwọ̀n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbé irúgbìn wá. Ó yẹ kí n da ìlà méjì yẹn kọ sórí ìwé mìíràn. Ọ̀lẹ ṣe mí, mo fi odindi ìwé ńlá rán awakọ̀. Mo ti máa ń kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn èèyàn, kí n lè rántí: ẹni tó lóyún, ẹni tí kò lè lọ sóko nítorí àìsàn, irú àìsàn tó jẹ́. Awakọ̀ kà á lójú ọ̀nà. Kí ó tó di ọjọ́ ọjà, àìsàn ọkùnrin kan ti di ẹ̀rín lẹ́nu àwọn èèyàn. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ó fún mi ní àga, ṣùgbọ́n kò wá sí ìpàdé mọ́ títí ó fi kó lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìwé náà ní ẹnu. Ohun tí wọ́n bá béèrè nìkan ni kí o kó jáde, kí o sì mọ ẹni tó ń béèrè. Gbogbo àgbẹ̀ tó fún yín ní orúkọ rẹ̀, nítorí kajú ló ṣe fún yín.

Mo fẹ́ kọ nípa bí wàá ṣe bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀. Ọ̀sán ti ń lọ, ọwọ́ mi sì ti rẹ̀ mí. Màá parí rẹ̀ bó bá di ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀

N kò ráyè lánàá, a ní àlejò. Mo jókòó láàárọ̀ yìí láti kọ ti ọ̀gá rẹ. Mo ti fẹ́ sọ pé kí o má bá a jiyàn níwájú àwọn ẹlòmíràn, kí o lọ bá a nìkan, kí o fi ohun méjì tí kò bára mu nínú ìwé tirẹ̀ hàn án, torí pé ọ̀gá tó ń kánjú kì í gbọ́ ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń rí ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dé nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ wọlé sórí tẹlifóònù Músílíù. Ó kà á sí wa létí, èmi àti bàbá rẹ. Màá da ohun tí o kọ kọ síbí, kí ó wà nínú ìwé:

"Ìyá, ẹ má bínú pé mi ò dúró de ìpè yín. Mo lọ bá ọ̀gá. Mo sọ fún un pé mi ò ní lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó jẹ́ kí n fi Bọ̀hícọ̀n dán an wò ná. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Ó wá ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo pe obìnrin tó ń tẹ àkọsílẹ̀ ní Parákú, a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó ní láti ọdún mẹ́fà tí òun ti wà níbẹ̀, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ láti Kùtọnu tó bi òun léèrè ohun tí òun ń kọ."

Mo ní kí Músílíù tún un kà. Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ ya lẹ́tà yìí, torí pé o ti ṣe é kí n tó sọ ọ́.

Bàbá rẹ ní, "Ya kí ni? Ọmọ náà ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kò tíì mọ ohun tó ná ìyá rẹ̀ kí ìyá náà tó mọ̀ ọ́n. Fi ránṣẹ́."

Mo wá fi ránṣẹ́. Inú mi dùn sí ọ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù; kí ilẹ̀ tí wàá tẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ tutù. Jẹun kí o tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí o sì máa dìde na ẹsẹ̀.

Obìnrin Parákú yẹn, má fi í sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ yìí bá parí. Ọdún mẹ́fà pẹ́. O kọ̀wé nípa rẹ̀ sí wa, o sì kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n o ò dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá tún sọ̀rọ̀, béèrè orúkọ rẹ̀, kí o sì bi í bí òun ṣe ń kọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Sìkírátù